Ó Dín Mélòó?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ kan wà nínú kíláàsì ìṣirò wa tó ti lọ ju ogún ọdún lọ. Kò jọ irọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń pa á, olùkọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún ló sì sábà máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Irọ́ náà ni pé 0.999…, ìyẹn òdo, àmì désímà, kí 9 wá máa tẹ̀lé 9 láìlópin, “fẹ́rẹ̀ẹ́” jẹ́ 1.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé kò sí fẹ́rẹ̀ẹ́ kankan níbẹ̀. 0.999… jẹ́ 1 gan-an, kò dín, kò sì lé. Olùkọ́ tó bá sọ fún ọmọ pé fẹ́rẹ̀ẹ́ ni, ohun méjì ló gbà lọ́wọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gba òótọ́ nípa nọ́ńbà, ó sì gba ìgboyà tí ọmọ fi ń béèrè ìdí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ JSS kan mú kakuléétọ̀ kékeré, irú èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ó pín 1 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó rí 0.3333333. Ó ṣe ìlọ́po mẹ́ta ohun tó rí, èsì sì jẹ́ 0.9999999. Ọmọ náà wá ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé: mo pín odidi kan sí mẹ́ta, mo tún kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ padà, kí ló dé tí kò pé mọ́? Ta ló jí èyí tó kù? Ó na ọwọ́ sókè, ó sì béèrè. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn tó sábà máa ń gbà kò ju ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí lọ: “Ó kàn sún mọ́ ọn ni,” tàbí “Bó ṣe rí nìyẹn, há a sórí,” tàbí “Jókòó, má da kíláàsì rú.” Kò sí ìdáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kakuléétọ̀ kò jalè, àyè ni kò ní. Àyè nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tó kọ òdo kan àti 3 méje, àyè tán, ó sì gé ìyókù dànù. 0.9999999 tí ọmọ náà rí ní 9 méje péré. Èyí kò tó 1 lóòótọ́, ó fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá dín. Ẹni tó bá pe èyí ní “fẹ́rẹ̀ẹ́” kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe 9 méje là ń sọ, kì í sì í ṣe 9 ẹgbẹ̀rún. Àmì kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́yìn 0.999… ń sọ pé 9 náà kò ní ìgbẹ̀yìn rárá. Nọ́ńbà tó ní ìgbẹ̀yìn ni kakuléétọ̀ fi hàn ọmọ náà, a sì fi ìdáhùn rẹ̀ bo nọ́ńbà tí kò ní ìgbẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé.

Ká sòótọ́, àwa Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún jù. Ọ̀nà tí a fi ń ka nǹkan ti kọ́ wa ní ìbéèrè tó yẹ kí á béèrè. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe 19: oókàndínlógún. Ogún la kọ́kọ́ rí, a wá yọ oókan. 18 ni eéjìdínlógún. Ti 45 tilẹ̀ dùn ún gbọ́: márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a ti yọ ẹ̀wá nínú rẹ̀, a sì tún wá yọ àrún lára àádọ́ta. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó gbé láàárín wa, kọ àpilẹ̀kọ lórí ètò òǹkà yìí ní ọdún 1887, ó sì so ó mọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Ohun tí mo fẹ́ kí á dì mú nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ: dín. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ogún díẹ̀, àfi kó sọ iye tó fi dín. Bó bá fi oókan dín, oókàndínlógún ni. Bó bá fi eéjì dín, eéjìdínlógún ni. Bí kò bá sí ohunkóhun tó fi dín, ogún ni, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òǹkà àwọn baba wa ka àwọn désímà wọ̀nyí. 0.9 ni ọ̀kan dín ìdá kan nínú mẹ́wàá. 0.99 ni ọ̀kan dín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. 0.999 ni ọ̀kan dín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. 0.9999 ni ọ̀kan dín ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. Gbogbo wọn ló dín sí ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì ní orúkọ, nítorí pé a mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi dín.

Ó wá ku 0.999… tí kò lópin. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò tó ọ̀kan, ìbéèrè kan péré ni mo ní fún yín: ó dín mélòó?

Bí ẹnìkan bá ní ó fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù dín, mo ní rárá o. Ẹ wo 0.9999999, èyí tó ní 9 méje. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá péré lòun fi dín, bẹ́ẹ̀ 0.999… ju òun lọ, nítorí pé 9 mìíràn ṣì wà lẹ́yìn méje náà. Nítorí náà ohun tí ẹ pè ti pọ̀ jù. Ẹ pe èyí tó kéré sí i. Ẹ ní ìdá kan nínú iye yanrìn tó wà ní etíkun Ìlàjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí iye yanrìn náà bá jẹ́ nọ́ńbà tó ní òdo ọgbọ̀n, èmi yóò kọ 9 mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohun tí ẹ pè yóò sì tún pọ̀ jù. Iyekíye tí ẹ bá dárúkọ, bó ti wù kó kéré tó, mo lè kọ 9 tí yóò fi hàn pé àlàfo náà kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí iye kankan tí ẹ lè pè tí yóò dúró. Nọ́ńbà méjì tí kò sí iye kankan tí ọ̀kan fi dín sí èkejì, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rí náà pé. Kò nílò ju ọ̀rọ̀ dín tí ìyá wa fi kọ́ wa lówó ọjà lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu wọn, kí a má báà sọ pé a fi ariwo borí wọn.

Àwọn àkọ́kọ́ ní: “Ohun tó fi dín wà. Òun ni 0.000…1, òdo tí kò lópin, kí 1 wá wà níkẹyìn.” Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òdo tí kò lópin, kí ohun kan wá wà ní òpin rẹ̀! Bí òdo náà kò bá lópin, ibo ni 1 yóò jókòó sí? Tí ẹ bá ní kí ọmọ kan lọ tò sí ẹ̀yìn ìlà tí kò ní ẹ̀yìn, kò ní rí ibi tò sí. Tí ẹ bá sì wá àyè fún 1 náà, ẹ ti fi òpin sí òdo nìyẹn, iye tí ẹ pè ti di iye lásán bíi ti àwọn ìyókù, 9 tí mo bá kọ yóò sì tún borí rẹ̀.

Àwọn kejì ní: “9 náà ń lọ ṣáá ni, kò lè dé 1 láé.” Àwa ará Òde-Màhìn, tí ọ̀nà omi kò ṣàjèjì sí, ló yẹ kí a dá wọn lóhùn. Ká ní ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní Igbókòdá, ó ń lọ sí Ayétòrò, ká sì ní wákàtí kan gééré ni yóò fi dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 54, ó ti lo 0.9 wákàtí. Nígbà tó bá di ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24, ó ti lo 0.99 wákàtí. Lẹ́yìn èyí, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 33 lọ kó tó lo 0.999 wákàtí. Àwọn àkókò tí a lè sàmì sí báyìí kò lópin. Ṣé ọkọ̀ náà wá ń dúró lórí omi láti ka 9 ni? Rárá. Ó kọjá gbogbo wọn, ó gúnlẹ̀, àwọn èrò sì bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tí ì há sójú omi rí nítorí désímà. 0.9 àti 0.99 àti 0.999 ni àwọn ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, kò sì sí èyí tó jẹ́ èbúté nínú wọn. 0.999… kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Òun ni orúkọ èbúté fúnra rẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn dorí kọ, tí kò sí àlàfo tí wọn kò ní sún mọ́ ọn jù ú lọ. Nọ́ńbà kì í rìn. Ojú wa ló ń rìn bí a ṣe ń kọ 9 sójú pátákó.

Àwọn kẹta ní: “Báwo ni nọ́ńbà kan ṣe lè ní ojú méjì? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo kò lè jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ení.” Yorùbá ló ń sọ èyí? Nínú èdè wa, 1 ni ení, òun náà ni oókan, òun náà ni ọ̀kan. Ọmọ kan ní orúkọ àbísọ, ó ní oríkì, ó tún ní èyí tí ìyá àgbà ń pè é, síbẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló ń dáhùn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́fà àti ìdá kan nínú méjì kò jọra lójú, iye kan náà sì ni. Désímà jẹ́ ọ̀nà ìkọ̀wé, bí a ṣe kọ nǹkan kò sì yí iye rẹ̀ padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó lọ bi àwọn àgbà tó ná owó ṣáájú ọdún 1973. Nígbà náà, pọ́n-ùn là ń ná. Ṣílè ogún ló wà nínú pọ́n-ùn kan, pẹ́nì méjìlá ló wà nínú ṣílè kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ pẹ́nì 240. Bí àwọn mẹ́ta bá fẹ́ pín pọ́n-ùn kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba pẹ́nì 80, ìyẹn ṣílè mẹ́fà àti pẹ́nì mẹ́jọ. Ó pín gééré, kò sí ìyókù, kò sí àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé, wọ́n sì pààrọ̀ pọ́n-ùn kan sí náírà méjì, tó jẹ́ kọ́bọ̀ 200. Ẹ wá ní kí àwọn mẹ́ta náà pín owó kan náà. Ó di kọ́bọ̀ 66.666… fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹ ó rí kọ́bọ̀ 199.999… lórí ìwé.

Mo bẹ̀ yín, kí ló ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ náà? Ṣé ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni? Ṣé owó tó pé lánàá kò pé mọ́ lónìí? Kò sí ohun tó ṣe owó náà. Ọ̀nà ìkọ̀wé ló yí padà. 240 ṣeé pín sí mẹ́ta, ẹ̀wá àti ọgọ́rùn-ún kò ṣeé pín sí mẹ́ta. 6 tó ń lọ láìlópin kì í ṣe àbùkù ara ìdá kan nínú mẹ́ta, àbùkù ẹ̀wá ni. Ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́ odidi owó tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. 199.999… jẹ́ 200 gan-an, gẹ́gẹ́ bí 0.999… ṣe jẹ́ 1. Ẹni tó bá ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ni, kí ó sọ fún wa ẹni tó kó ìyókù náà lọ ní òru ọjọ́ tí náírà dé.

Lóòótọ́, bí a bá pín ẹgbàárùn-ún náírà fún apẹja mẹ́ta lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 3,333, náírà kan yóò sì ṣẹ́kù lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n owó ní ẹyọ tó kéré jù tí a kò lè gé mọ́. Nọ́ńbà kò ní. Ẹni tó bá fi ìyókù orí tábìlì ṣe ẹ̀rí lòdì sí nọ́ńbà ti da ohun méjì tí kò jọra pọ̀.

Mo ti bá àwọn tó ń ṣiyèméjì jà tó. Ó wá kan àwọn tó gbà pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọ́ ọmọ ní ìdí. Àwọn olùkọ́ kan mọ idán kan tó yá kánkán. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé X jẹ́ 0.999…, ìlọ́po mẹ́wàá X jẹ́ 9.999…, wọ́n yọ X kúrò, ó ku 9, nítorí náà X jẹ́ 1. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó. Ọmọ tó bá ń ronú kò ní gba èyí bẹ́ẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi irú idán kan náà wo nǹkan mìíràn. Ká ní X jẹ́ 1 + 2 + 4 + 8, kí a máa ṣe ìlọ́po méjì lọ láìlópin. Ìlọ́po méjì X jẹ́ 2 + 4 + 8 + 16, tí òun náà ń lọ láìlópin. Bí a bá yọ 1 kúrò lára X, ohun tó kù ni ìlọ́po méjì X gẹ́lẹ́. Èsì tí yóò jáde ni pé X jẹ́ òdì 1. A kó ohun rere jọ láìdáwọ́ dúró, àròpọ̀ rẹ̀ wá di gbèsè! Kí ló fa èyí? Àròpọ̀ kejì yìí kò ní èbúté, ṣe ló ń fẹ̀ sí i tí kò sì dorí kọ ibì kankan. Èyí àkọ́kọ́ ní èbúté. Títí a ó fi fi hàn pé èbúté wà, idán lásán ni ohun tó wà lójú pátákó. Dín ni kí ẹ fi ṣáájú, kí idán tẹ̀lé e.

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ là ń lò ó sí. Gbogbo wa la ti rí i nínú ìbéèrè ìdánwò pé kí á mú π gẹ́gẹ́ bí 22/7. Nígbà tí yóò fi di SS3, ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbà pé π jẹ́ 22/7 gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. 22/7 jẹ́ 3.142857…, π sì jẹ́ 3.14159…. Bí ẹ bá béèrè pé “ó lé mélòó?”, ìdáhùn wà: 22/7 fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ju π lọ. Fẹ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn. Níbi tó yẹ kí á sọ fẹ́rẹ̀ẹ́, a ní ó dọ́gba. Níbi tó dọ́gba, a ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ni. Òdìkejì òtítọ́ là ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ lápá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un. Bí o bá lè dárúkọ àlàfo, fẹ́rẹ̀ẹ́ ni. Bí kò bá sí àlàfo tí a lè dárúkọ, ó dọ́gba.

Òbí kan lè sọ pé: “Kí ni èyí máa ṣe fún ọmọ tèmi? Ẹja là ń pa níbí.” Ẹ̀yin òbí wa, ẹ gbọ́. Ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín tó ní owó òun “ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé”, fẹ́rẹ̀ẹ́ ló fi ń jẹ yín. Oníkọ́ńgò tó tẹ ìdí kọ́ńgò sínú, tó ní díẹ̀ ni ohun tí kò tó, fẹ́rẹ̀ẹ́ ló fi ń kọ́lé. Òkun ń jẹ Ayétòrò lójú wa, ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ìlérí pé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun ń bọ̀ lọ́nà, pé ó kù díẹ̀. Ó kù mélòó? Ọmọ tí a kọ́ láti béèrè “ó dín mélòó?” lórí désímà yóò dàgbà di ẹni tó ń béèrè “ó kù mélòó?” lórí owó ìlú. Ọmọ tí a ní kó jókòó nígbà tó béèrè ti désímà, ta ni yóò bá a ná ọwọ́ sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ilẹ̀ baba rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọ wa ni kò gbé e. Leonhard Euler ti ṣàlàyé nínú ìwé algebra rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1770 pé 9.999… jẹ́ 10. Síbẹ̀, ní ọdún 1978, David Tall àti Rolph Schwarzenberger ti Yunifásítì Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní 0.999… kò tó 1. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi èdè abínibí rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ náà kọsẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé àwa ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé wa dìde lẹ́nu wa, a kò kàn lò ó ni.

Èyí ló fi dùn mí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi máa kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n ti gbàgbé Mòdákẹ́kẹ́ ni? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá. Èdè tó lè pe márùndínláàádọ́ta, tó gbé àyọkúrò méjì sínú ọ̀rọ̀ kan, kò ṣe aláìlágbára fún ìṣirò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ pa “fẹ́rẹ̀ẹ́” rẹ́ kúrò láàárín 0.999… àti 1, kí ẹ sì kọ ọ́ sáàárín π àti 22/7, níbi tó yẹ ẹ́. Bí ọmọ bá ní òun kò gbà pé wọ́n dọ́gba, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ní kó jókòó. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ ní kó kọ iye tó fi dín. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú títí ọwọ́ yóò fi ro ó. Ọmọ tó bá ti fúnra rẹ̀ wá àlàfo náà tí kò rí i kò tún ní há ohunkóhun sórí lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ní wọ́n sọ fún òun pé ohun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ kò nílò láti mọ ìṣirò kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ bi í ní èdè yín pé ó dín mélòó, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bi olùkọ́, ẹ bi ìwé, ẹ bi kakuléétọ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọ̀nà omi ni o, ọ̀nà nọ́ńbà ni o.